Òkèlè Àkọ́kọ́ Tí Ọkọ Mi Ń Fi Sí Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ má tíì bú mi o, ẹ kọ́kọ́ kà á tán... Ọwọ́ ọkọ mi ń kó mi nírìíra. Láti ìgbà tá a ti ṣègbéyàwó, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó, tí mo gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀ nílé wa ní Kemta níbí, ẹnu mi ló máa ń fi òkèlè àkọ́kọ́ sí. Á dúró kí n gbé e mì kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń jowú mi. Èmi náà ń ṣe fáàrí kiri pé èmi ni mo rí ọkọ fẹ́... ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Tíṣà Literature ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ka ìtàn kékeré kan ní kíláàsì, nípa tọkọtaya kan tí ilé wọn ò dùn. Ọkọ yẹn máa ń ní kí ìyàwó kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, òǹkọ̀wé ò sì sọ ìdí. Kí àwọn ọmọ tó dáhùn, èmi ti ń rẹ́rìn-ín pé ìfẹ́ ni. Ọmọbìnrin kan wá dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, tó bá ń jẹun nílé ìyá ẹ̀ ńkọ́, ṣé ìyàwó ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?" Mo padà wo inú ìwé, ọkọ yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìyá ẹ̀. Ara mi tutù. Torí ọkọ tèmi náà, tá a bá lọ kí ìyá ẹ̀ ní Owódé, ńṣe ló máa ń jẹun lọ ràì, kì í rántí pé mo ní ẹnu.

Mo dán an wò. Mo ra làfún àti ọbẹ̀ níta, mo bù ú sínú abọ́ wa. Ó ti na òkèlè sí mi kí n tó sọ pé mo rà á ni... bó ṣe gbọ́ ọ, ó dá ọwọ́ padà, ó sì fi í sẹ́nu ara ẹ̀. Ṣé ajá tí wọ́n fi ń dán májèlé wò ni mí látọjọ́ yìí? Mo bi í. Ó ní ìfẹ́ ni, pé bàbá òun náà ń ṣe é fún ìyá òun. Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ̀. Ṣé irọ́ ló ń pa? Àbí òun fúnra ẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣe? Bó ṣe máa ń rọra nu ọbẹ̀ kúrò létè mi, èèyàn ò lè búra pé ìfẹ́ ò sí níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára jù.

Lọ́jọ́ kejì mo se ẹ̀gúsí fúnra mi. Ó na òkèlè, mo pa ẹnu dé. Òun náà ò jẹ ẹ́, ó bo abọ́, ó lọ mu gàrí, ó sì pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ẹ̀ wá ní kí ni mo fi sínú ọbẹ̀ tí èmi tí mo sè é ò lè jẹ? Wọ́n ní gbogbo ẹbí ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, kí n se oúnjẹ, kí n sì gba òkèlè lójú wọn.

Tí mo bá gbà á, mo ti gbà pé afurasí ni mí títí ayé nìyẹn. Tí mi ò bá gbà á, mo di apààyàn, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ mi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ jọ̀ọ́... kí n ṣí ẹnu ni, àbí kí n pa á dé?