Ìwé Àdúrà Ọ̀rẹ́ Mi Tí Mo Ṣí Létí Òkun

Mo ṣí i. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ṣí ohun tí mo fọwọ́ lé Bíbélì pé n kò ní ṣí. Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde o. Tíṣà ni mí níbí ní Adó-Èkìtì, UPE yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba gbé dé, ti kó ọmọ kún kíláàsì mi débi pé ohùn mi ti há, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, n kò sì tíì lọ́kọ.

Ìjọ wa ló ṣètò ìrìn àdúrà. Lọ́rì gbé wa láti Adó dé etí òkun l'Ékòó, a wá fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko lọ sí Bàdágìrì, níbi tí ìyìn rere ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Wọ́n pín wa ní méjì méjì. Kálukú kọ ohun tó ń tọrọ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fún ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì yìí ni yóò gbé e rìn, yóò máa gbàdúrà lé e lórí láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó bá di ọjọ́ kẹta yóò jù ú sínú òkun. Ta ni wọ́n pín mi mọ́? Fọlákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni, òun náà ni sẹ́kítírì ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa. Inú mi dùn! Èmi tí n kò rí òkun rí, ìgbì àkọ́kọ́ tó kan ẹsẹ̀ mi, igbe ni mo fi bọnu, Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀...

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a sinmi lábẹ́ àgbọn, Fọlákẹ́ sùn lọ. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé omi òkun ló tú ìwé náà, àmọ́ irọ́ mi ti pọ̀ jù. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni n ó bá níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni pé kí Ọlọ́run dárí ji òun nítorí ohun tóun sọ fún àwọn ará Ìgèdè, pé owú ló ń jẹ òun. Àwọn ará Ìgèdè! Ní ọdún méje sẹ́yìn, ọkùnrin kan láti Ìgèdè fẹ́ fẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ti ń kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tèmi sẹ́yìn ìwé lẹ́sìn nóòtì tí mo fi ń kọ́mọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá ṣèwádìí, bí gbogbo ẹbí ti í ṣe, bóyá àrùn kan wà nílé wa. Fọlákẹ́ ni wọ́n bi, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun sọ fún wọn pé wárápá wà nídìílé wa. Wárápá!! Nílé wa, tí gìrì kò ti gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí? Wọn kò wá mọ́, wọn kò sì sọ ìdí. Orí itan Fọlákẹ́ ni mo ti sunkún. Ó bá mi gbààwẹ̀! Irú èèyàn wo ló ń bá ẹni gbààwẹ̀ lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ bàjẹ́? Ìyá mi kú láì rí mi ní ulé ọkọ, bí òun ṣe máa ń pè é.

N kò ju ìwé náà sómi. Mo ká ìwé òfìfo mìíràn, mo ju ìyẹn. Fọlákẹ́ dì mọ́ mi létí omi, ó ń sunkún, ó ní ara òun ti fúyẹ́... èmi náà dì mọ́ ọn. Ìwé ọ̀hún wà lábẹ́ àpótí aṣọ mi báyìí.

Ṣé ẹ rí i, akọ̀wé ìjọba kan ní Ìyìn, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, fẹ́ fẹ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣèwádìí nípa mi lópin oṣù yìí, ẹni tí àlùfáà wa sì ní kí wọ́n lọ bá ni Fọlákẹ́, nítorí ta ló mọ̀ mí tó o? Fúnra rẹ̀ ló wá fẹ̀rín sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Fún òun kẹ̀! Ṣé kí n lọ bá àlùfáà? Wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, àwọn ará Ìyìn á sì gbọ́ pé ìyàwó táwọn fẹ́ fẹ́ ń tú ìwé ẹlòmíràn, ó sì ń dalẹ̀ Ọlọ́run. Ṣé kí n dákẹ́? Tó bá tún sọ ọ́ ńkọ́? Tó bá sì ti ronú pìwà dà lóòótọ́, tí èmi wá lọ tú u fó ńkọ́?

Ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé náà ló ń dùn mí jù. Kò ní kí Ọlọ́run fún mi lọ́kọ. Kò ní kí Ọlọ́run bá òun bẹ̀ mí. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n mọ̀ títí n ó fi kú. Kí n tó tú u, odindi ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi gbé e sí àyà mi lórí iyanrìn yẹn, tí mò ń fi tọkàntọkàn sọ pé Olúwa, dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn, àmín, àmín... Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà jù mí lọ, kí ni kí n ṣe fún un?