Adìẹ Tí Bàbá Dámilárá Sun

Òpópó Ìfẹ́lódùn,
Ìbà, Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìbà níbí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi àti Dámilárá, ọmọ-ọmọ yín, wà láàyè. Adébọ̀wálé tó ń wakọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn ni mo fi ìwé yìí rán, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Màmá, ọmọ yín wá sílé lánàá. Caleb, ọkọ mi, tí a sin sí Ìjànìkín nínú oṣù Kejì. Orí mi ò dàrú o. Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́ ni obìnrin tó ń ríran. Àwọn aríran ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Lánàá ni a ṣe àdúrà ìrántí rẹ̀ ní Ajangbadi. Mo gbé èso lọ síwájú pẹpẹ bí a ti máa ń ṣe, ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn, gbogbo ìjọ sì ń gbà á lẹ́nu wòlíì: "Bàbá, tẹ́ olóògbé Caleb sí afẹ́fẹ́ rere." A gbà á títí ohùn mi fi há. Nígbà tí wọ́n pín èso tán, mo kó ìpín tèmi, èmi àti ọmọ padà sílé pẹ̀lú sùtánà lára.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá Bàbá Dámilárá ní ilé ìdáná. Ẹ̀wù funfun tó fi ń dáná fún àwọn ọ̀gá sójà ní Cantonment ló wọ̀, ó ń fi bọ́tà pa adìẹ kan lára. Ó ní, "Ẹ mà pẹ́. Èso yẹn dà? Gbé e wá." Mo gbé èso náà fún un. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò mọ̀. Màmá, kò mọ̀ pé òun ti kú. Ìyá mi àgbà máa ń sọ fún wa pé irú wọn lè bá ni gbélé fún ọdún púpọ̀, àfi tí ẹnì kan bá dárúkọ ikú wọn létí wọn. Mo pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ ikú létí rẹ̀.

Mo sáré yọ kàlẹ́ńdà ìsìnkú rẹ̀ lára ògiri, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún Dámilárá létí pé, "Kí bàbá ẹ, kó o sì pa ẹnu mọ́." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Mùsítúrà aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ bá mi kẹ́dùn, mo dí ẹnu ọ̀nà, mo ní inú ń run mí. Ó bínú lọ. Màá bẹ̀ ẹ́.

Ọkọ mi gé ọ̀pẹ̀yìnbó, ó tò ó sábẹ́ adìẹ pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti pòtétò, ó fún ọsàn lé e lórí, ó gbé e sínú ófùn. Ó béèrè àlàáfíà yín. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí yín, pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí Màámi. Mò ń dá a lóhùn, mò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ, torí adìẹ yẹn ń pọ́n, ọ̀rá rẹ̀ ń hó, síbẹ̀ mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ọwọ́ lásán ló fi gbé páànù náà jáde.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi ju ẹ̀rù mi lọ. Ó gé itan fún Dámilárá, ó bá a wí pé kó má ṣa ẹran nìkan jẹ. Mò ń wò wọ́n, mo sì ti ń rò ó pé a máa kó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Ó ní, "Màmá Dámilárá, gbàdúrà ká jẹun."

Mo dijú. Mo dúpẹ́ fún oúnjẹ. Ẹnu tó ti ń gba àdúrà kan ṣoṣo láti àárọ̀ kò dúró níbẹ̀: "Bàbá, tẹ́ olóògbé Caleb..." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Mi ò fẹ́ lajú. Òórùn adìẹ náà ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́tà, ọsàn, àlùbọ́sà. Nígbà tí mo lajú, àga rẹ̀ ṣófo. Dámilárá ní, "Mọ́mì, ẹ ti lé wọn lọ." Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. A ò lè jẹ adìẹ náà.

Màmá, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ sì mọ̀ pé kì í yẹ àdéhùn. Nígbà ìsìnkú, wọn ò jẹ́ kí ẹ tẹ̀lé wa dé Ìjànìkín, torí àṣà wa ò gbà kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ẹ bínú nígbà yẹn. Inú mi dùn báyìí pé ẹ ò rí i, torí ọ̀rọ̀ "olóògbé" tó ba nǹkan jẹ́ fún mi lánàá ò tíì mọ́ yín lẹ́nu. Bó bá wọlé, ẹ má pariwo, ẹ má ránṣẹ́ pe wòlíì. Orúkọ tí ẹ fi ń pè é ní kékeré ni kí ẹ pè é. Àdúrà oúnjẹ, ẹ gbà á sínú.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Iná kò ní kú nídìí ààrò yín, ara yín yóò sì máa le koko.

Èmi ni ìyàwó ọmọ yín,
Títílayọ̀.

Àfikún: Ẹ má bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró di Sátidé. Èmi àti Dámilárá á wá. A ò ní wọlé. Ojú fèrèsé la máa dúró sí, a ò ní sọ̀rọ̀.