Ẹ̀bi Tí Mo Dì Ru Bọ́dà

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o.

Fáàfù áńpù gìtá yín yẹn ti dé. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Wọ́n ṣí bọ́dà, kò sì pẹ́ sí i tí Bọ̀dá Wàsíù tó máa ń bá yín ra nǹkan ní Kútọnu fi gbé e wá fúnra wọn láti Owódé, mẹ́rin pérépéré, wọ́n fi ìwé ìròyìn Faransé wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó o sínú páálí bisikíìtì. Wọn ò tíì gbọ́ pé ẹ ti kú. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn pe Tíṣà jáde. Mo sọ fún wọn. Wọ́n jókòó sórí pèpéle, wọ́n bú sẹ́kún. Èmi ni mo lọ bu omi fún wọn, tí mo tún ń pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn. Bí mo ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Àwọn èèyàn á máa sunkún, èmi á máa gbé omi.

Ara mi ti kú, Bàbá. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mi ò sunkún ní ọsibítù, mi ò sunkún létí sàréè, àwọn kan sì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn ọmọ Tíṣà yìí mà le o. Mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mò ń jẹun, mò ń fọṣọ. Ọkàn mi ò le. Ọ̀rọ̀ kan ló dúró sí mi lọ́fun tí mi ò tíì sọ fún yín, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ ìkórè tí ẹ ti ta gìtá kẹ́yìn ni.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé lọ́wọ́ ọmọ Àgùdà kan ní Àjàṣẹ́, lódì kejì bọ́dà, lẹ ti ra áńpù tó ń gbé ohùn gìtá yín jáde yẹn, kí ẹ tó fẹ́ Màmá. Ẹ ní àwọn ọmọ òyìnbó onírun gígùn ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ń fẹ́ kí gìtá bú bíi tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń gun òkè. Ẹ rà á wá sí Ìlaròó, ẹ sì sọ ọ́ di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́tìnnì géènì tó ń mú un bú yẹn, díẹ̀ báyìí lẹ máa ń ṣí i. Ẹ máa ń dín béèsì kù, kó má baà bá ìlù jà. Mídù lẹ máa ń gbé sókè, nítorí ẹ ní ibẹ̀ ni ohùn èèyàn wà. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa ń ṣí fọ́líọ́mù títí àwọn fáàfù gíláàsì inú ẹ̀ á fi gbóná, tí wọ́n á pọ́n bí ẹyinná. Ẹ máa ń fi bíríkì kan ti abẹ́ iwájú ẹ̀ kó lè gbójú sókè, ẹ ní ojú lèèyàn fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe orúnkún. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àmì ara bọ́tìnnì yẹn ti pa rẹ́, etí lẹ fi ń tò ó. Ẹ ó wá fa wáyà gígùn yẹn, ẹ ó rìn dé bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, ẹ ó ta okùn kan ṣoṣo, ẹ ó sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan áńpù mọ́, títí kan ẹ̀yin alára.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi táìlì sí i nílẹ̀ àti lára ògiri ni. Ẹ to áńpù, ohùn ẹ̀ sì ń gún wa létí bí abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá tó ń to iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú pẹpẹ ń di etí. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, ó ní etí Tíṣà ti lọ. Mo ti ń kíyè sí i nílé pé rédíò yín ń lọ sókè lójoojúmọ́, nítorí náà mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún òkú: ẹ̀yin gan-an lẹ tì mí lójú.

Nígbà tí ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ ní ilé Àlùfáà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ áńpù. Mo dín trẹ́bù tó ń mú un gún etí kù, mo dín mídù kù, mo fi béèsì kún un, mo ṣí géènì dé ìdajì. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń wé gèlè. Mo ta gìtá wò, ohùn ẹ̀ dùn, ó ń fà bí oyin. Àwọn ìyá yẹn ní káre, ọmọ Tíṣà. Inú mi dùn. Mo rò pé mo bo yín láṣìírí ni.

Lẹ́yìn náà ni èèyàn wọlé. Ṣé ẹ rántí bí ó ṣe kún tó? Agbádá, gèlè, àwọn tó pọnmọ, àwọn tó dúró lójú fèrèsé. Ìlù bẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan orin tí ẹ̀yin nìkan máa ń fi gìtá dá ṣáájú ọrẹ ìdúpẹ́, ohùn gìtá yín rì. Mo rí ìka yín tó ń rìn, mi ò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ìkùn kan lábẹ́ ilẹ̀. Olórí akọrin káwọ́ sí etí sí yín. Ẹ túbọ̀ ń fi agbára ta á, òógùn bò yín. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọn ò fojú di yín o, wọn ò mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ò sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì, òfin yín ni. Mo jókòó láàárín àwọn akọrin, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín èmi àti áńpù. Mi ò dìde. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó mọ ẹni tó yí i.

Èyí tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù. Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́, mo dá gbogbo bọ́tìnnì padà síbi tí ẹ fi sí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgbà tí a délé tí ẹ tan áńpù wò, bí ẹ ṣe tò ó gẹ́lẹ́ ló ṣe dún, ó mú ṣáṣá. Ẹ ta ìlà orin kan, ẹ dá a dúró láàárín. Ẹ gbé ọwọ́ òsì yín sókè, ẹ wò ó. Mo wà níbẹ̀, mò ń gbálẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní fáàfù ni, mo ní wọ́n ti gbó, pé tí wọ́n bá gbóná tán ni agbára wọn ń lọ. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tí odò ń gbé lọ tó rí igi. Ẹ ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Wàsíù lọ́jọ́ kejì kí wọ́n bá yín wá mẹ́rin ní Kútọnu. Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé: “Tí fáàfù tuntun bá dé tí kò bá yí padà, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti kú.”

Ṣùgbọ́n bọ́dà ti tì. Bọ̀dá Wàsíù ní kí ẹ ṣe sùúrù, pé ìrẹsì gan-an ò kọjá, áńbọ̀ńtorí gíláàsì. Ẹ ṣe sùúrù. Gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ ń béèrè. Àwọn àgbà ìjọ gbé èso àti móọ̀tì wá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀ yín pé kí ẹ sinmi, pé ẹ ti sin Olúwa tó. Ẹ gbà, ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo ṣí móọ̀tì yẹn fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí Tíṣà ò fi ta gìtá mọ́, mo máa ń sọ pé bọ́dà ni. Ta ló máa jiyàn? Ní Yewa lọ́dún yẹn, ìrẹsì wọ́n, bọ́dà ni. Òróró ò sí, bọ́dà ni. Epo bẹntiróòlù ò tó, bọ́dà ni. Wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá lọ. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé. Irọ́ ni, Bàbá. Èmi ò gbàgbé.

Oṣù mẹ́rin lẹ fi dúró de fáàfù, ikú ló sì dé.

Nígbà tí fáàfù wá dé nísinsìnyí, mo mú áńpù lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún rédíò ṣe, wọ́n bá mi fi sí i. Àlùfáà ti ní kí n wá ta gìtá níbi ìsìn ìrántí ọdún kan yín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, mi ò tò ó bí ẹ ṣe kọ́ mi. Bí mo ṣe yí i lọ́jọ́ ìkórè yẹn ni mo tún ṣe tò ó: béèsì, géènì, gbogbo ẹ̀, kó dùn bí oyin. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mò ń wá àwáwí. Mo sọ fún ara mi pé tí fáàfù tuntun bá lè gbé ohùn yìí la èrò kọjá, a jẹ́ pé fáàfù ló jẹ̀bi, bọ́dà ló jẹ̀bi, kí n lọ sùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo bẹ̀rẹ̀ orin yín. Ó rì.

Fáàfù tuntun ni, ọwọ́ mi ò sì tíì gbó. Ohùn tó ń gún etí nínú ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo, aṣọ àti ara èèyàn ló ń mu ún. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun lẹ ṣe ń tò ó kó le ju bó ṣe yẹ lọ. Etí yín ò lọ síbì kankan. Ohun tí àgbà fi jókòó rí, èmi dìde dúró, mi ò rí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ áńpù níwájú gbogbo wọn, láàárín ìlà orin kìíní àti ìkejì, mo yí bọ́tìnnì padà síbi tí ọwọ́ yín máa ń fi wọ́n sí. Gìtá jáde. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Mo rí i tí wọ́n gbé orí sókè. Ilé dákẹ́. Mo ta á dé òpin, mi ò ṣi ibì kankan, mi ò sì mọ nǹkan kan lára. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní bí Tíṣà ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo ní ẹ ṣeun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Màmá ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ gbogbo ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ilẹ̀ tí mò ń gbá. Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n bi mí léèrè.

“Ọwọ́ bàbá rẹ tí mo ń fi òrí ra láràárọ̀ yẹn, kò sí nǹkan tó ń ṣe é ni?”

Mi ò mọ̀ nípa òrí kankan. Ilé ìwé ni mo máa ń wà. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé tí mo bá ti jáde, ẹ máa ń tẹ́ ọwọ́ yín sí àwọn lórí itan, àwọn á yọ́ òrí, àwọn á máa ra á fún yín ní ìka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ó fi ìka tẹ etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń tẹ okùn gìtá, ẹ ó bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé agbára ti ń padà. Wọ́n máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí kan àárọ̀ ọjọ́ tí a gbé yín lọ sí ọsibítù.

Mo ní rárá, Màmá, kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Wọ́n mi orí, wọ́n gbé ẹ̀wà wọn, wọ́n wọlé. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi. Wọn ò tíì wò mí lójú.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀? Etí yín tó mú tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé ẹnì kan ti yí i? Tí ẹ bá mọ̀ tí ẹ dákẹ́ nítorí mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e? Tí ẹ ò bá sì mọ̀, tí ẹ gbà á gbọ́ lóòótọ́, ńkọ́? Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí n máa gbàdúrà pé kó jẹ́.

Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí ẹ ṣì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ láràárọ̀: Bàbá mi, ọwọ́ yín ò kú.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì dákẹ́.