Màmá Ọlọ́sàn Wẹ́wẹ́, Ẹni Tí Ó Fọ Ilé Kí Ọmọ Lè Mí

Ọdún 1948 ni a bí Màmá, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Ọlọ́sàn Wẹ́wẹ́, nínú ilé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Àwọn kan nínú ẹbí ní 1947 ni. Ṣùgbọ́n 1948 ni ìyá tó bí wọn lọ́mọ ń sọ títí dé ọjọ́ ikú, òun ni ẹbí sì tẹ̀ lé. Kápẹ́ńtà ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn.

Wọ́n wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó ti ìyá wọn nídìí ọpọ́n ìfọṣọ, tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi ọṣẹ, omi gbígbóná àti sùúrù yọ àbàwọ́n. Màmá máa ń sọ pé sùúrù ló pẹ́ jù kí òun tó mọ̀ ọ́n.

Ní 1971, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá, awakọ̀ akẹ́rù. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ sí iwájú ilé. Nígbà náà, ilé tí òórùn oògùn ìfọlẹ̀ kò bá ti ẹnu ọ̀nà ta ènìyàn nímú, Màmá kò kà á sí ilé tó mọ́.

Ní 1984, àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Bí wọ́n bá ti da oògùn sílẹ̀ báyìí, àyà ọmọ á há. Dókítà là á mọ́lẹ̀: kí òórùn yẹn kúrò nílé, tàbí kí ọmọ kúrò. Wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ọmọ náà béèrè pé, “Màmi, ìgbà wo lẹ máa wá mú mi?”

Màmá ní, “Bí mo bá ti fọ ilé tán.”

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di àmùrè gírígírí. Wọ́n kó gbogbo ìgò oògùn jáde. Wọ́n rẹ èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sínú fínígà, omi kíkan inú ìgò, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n bu omi là á, wọ́n sì ń fi nu fèrèsé àti ilẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń ha ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin yà wá kí wọn, wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé ilé lò ń fọ̀ ni, àbí sàláàdì lò ń ṣe?”

Màmá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ bá mi gé ọsàn.”

Kò rọrùn. Màmá rò pé bí fínígà bá dára, tí sódà kéèkì náà dára, àpapọ̀ wọn á dára jù. Wọ́n pò ó sínú ìgò, wọ́n dé e pinpin. Àlùfáà ìjọ wọn, tó yà wá kí wọn, ń gbàdúrà lọ́wọ́ nínú pálọ̀ nígbà tí ìgò bú gbàù! Àlùfáà ṣe “Àmín” láìparí àdúrà. Aládùúgbò kígbe láti orí ògiri pé, “Ṣé kò sí o?”

“Kò sí o, ọṣẹ ni!”

Láti ìgbà náà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lo fínígà, ọ̀tọ̀ ni sódà. Àwọn oníbàárà kan kó aṣọ wọn lọ nítorí pé Màmá kò lo oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun mọ́. Màmá kò wẹ̀yìn. Oòrùn àti omi ọsàn ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ funfun.

Ní 1985, ọmọ padà wálé. Màmá jókòó tì í, wọ́n ń fetí sí èémí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ọmọ jí tó ní ebi ń pa òun, Màmá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Màmá jẹ́ ọmọ ìjọ tòótọ́. Àwọn ló ń fọ ilẹ̀ ilé ìjọsìn. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní bí a ṣe ń fọ ilé láìlo oògùn lẹ́yìnkùlé wọn.

Bàbá ṣáájú wọn lọ ní 2009. Ní 2024, àìsàn gbé Màmá dè sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bi àbíkẹ́yìn wọn pé, “Ìgbà wo lo máa wá mú mi?”

Ó ní, “Bí mo bá ti fọ ilé tán, Màmi.”

Ó fọ̀ ọ́, ó ṣí fèrèsé, ó sì lọ gbé wọn wálé. Orí ibùsùn ara wọn ni wọ́n ti dákẹ́, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tí wọ́n ṣì ń gé ọsàn.

Ilé ti mọ́, Màmá. Gbogbo ọmọ ń mí. Ẹ sinmi, ẹ sùn ire.