Ta Ló Ni Orin "Pèpéle Kejì"?

Èmi, Nagakubo Fumino, ọmọ Nagakubo Gensaku tó ń ṣe omi sóyà tí a fi ń se ọbẹ̀ ní ìlú Tomaura, èmi tí mo ń fi píánò kọ orin tí gbogbo Japan ń kọ nílé ọtí, ni mo ń fi ẹnu ara mi sọ ìhágún yìí níwájú akọ̀wé òfin. Orí mi pé. Ẹ̀dọ̀ ni dókítà ní ó bàjẹ́, kì í ṣe ọpọlọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí, kó ní oògùn ló ń sọ̀rọ̀.

Agbẹjọ́rò Takigawa Noriko ni mo yàn ṣe alábòójútó ogún mi. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í kọrin. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

ÈKÍNNÍ. Mo fi orin "Òjò Oṣù Kẹfà" àti owó tó bá ń tìdí rẹ̀ wá sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, Sumie. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yàrá karaoké pé, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin bá wí níbẹ̀ yẹn o, èmi arẹwà tí òjò pa." Sumie, òrùlé ilé ìdáná wa tó ń jò ni mo kọ orin náà sí. Ṣùgbọ́n máa gbà á bẹ́ẹ̀, ó yẹ ọ́ ju òrùlé lọ. Kimono funfun tí mo wọ̀ nínú eré òpin ọdún lórí tẹlifísàn jẹ́ tìrẹ pẹ̀lú. Kò ní gbà ọ́, má sì wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ níṣojú àlejò.

ÈKEJÌ. Mo fi orin ìpolówó núdù sílẹ̀ fún Shūhei, ọmọ Sumie, tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Tokyo. Nígbà tó wá kí mi nílé ìwòsàn, ó gbé ọsàn wá, ó sì gbé ìwé àdéhùn wá. Ó ní, "Àǹtí, iléeṣẹ́ ìsìnkú kan fẹ́ fi 'Pèpéle Kejì' polówó. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i báyìí, torí tó bá yá..." Mo ní, "Tó bá yá ńkọ́?" Ó bó ọsàn tó rà fún mi, ó sì jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, mo fi ológbò mi, Daikon, kún ogún rẹ̀. Ó ti gé e jẹ nígbà kan rí, kí wọ́n máa bá ọ̀rẹ́ wọn lọ.

Ẹ̀KẸTA. Ọ̀rọ̀ kan ọkọ mi, Masataka.

Bàbá mi kò ní ọmọkùnrin. Ó ní ẹni tó bá máa fẹ́ mi gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ Nagakubo, kí àwọn àgbá omi sóyà má baà di ti ará ìta. Kuwahara Tetsurō, tó máa ń wá tún ohùn píánò mi ṣe, ni mo fẹ́. Ó wí fún mi pé, "Fumino, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ gan-an ni. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni bàbá mi bí. Tí mo bá di Nagakubo, ta ló máa jẹ́ Kuwahara nídìí sàréè àwọn baba ńlá wa?" Ó wọ ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ lórí pèpéle kejì ní ibùdókọ̀, ó lọ. Mo padà sílé, mo sunkún, mo sì kọ orin "Pèpéle Kejì". Bàbá mi wá lọ mú Masataka wá, ọmọ kẹta apẹja kan, tó bọ́ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí orin náà gbayì, Masataka jókòó lórí tẹlifísàn, ó ní, "Èmi ni ìyàwó mi ń dúró dè lórí pèpéle yẹn. Ẹ wo ojú mi, ẹ̀yin náà ò ní dúró ni?" Gbogbo obìnrin Japan bú sẹ́kún. Masataka tí kì í lè wọ ọkọ̀ ojú irin! Kó tó dé ibùdókọ̀ kejì, ó ti bì sára. Ọkọ̀ ojú omi tí bàbá rẹ̀ fi ń pẹja ló gbé wa lọ sí ìrìn àjò ìgbéyàwó wa. Gbogbo Tomaura ló mọ̀, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ìlú ti fi idẹ ṣe ère rẹ̀, pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò lọ́wọ́, láti gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì pèpéle kejì. Wọ́n tún jẹ́ kó ga.

Masataka ni kó máa gbé ilé mi lórí òkè títí tó fi máa kú, bí wọn kò bá gbé ère náà síbẹ̀. Kí bẹ́ǹṣì náà ṣófo. Ọjọ́ tó bá tún sọ níta pé òun ni wọ́n kọ orin náà fún, kí ilé di ti jẹ́lé-ó-sinmi ìlú. Píánò kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Kí wọ́n máa tún ohùn rẹ̀ ṣe nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé, bí wọ́n ti ń ṣe bọ̀. Ọwọ́ Masataka fúnra rẹ̀ ni kó fi bu tíì fún ẹni tó bá wá tún un ṣe, tíì gidi o, kì í ṣe èyí tó ń bù fún agbowó orí. Kó jókòó, kó sì dákẹ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Mo mọ̀ pé dídákẹ́ yẹn ló máa dùn ún jù.

Masataka, inú ń bí mi sí ọ. Àmọ́ lánàá o bó ápù fún mi, o gé e wẹ́wẹ́ nítorí ọ̀nà ọ̀fun mi, o ò sì pe oníròyìn kankan wá wò ó. Mo rí i, o ṣeun.

Ẹ̀KẸRIN. Mo fún ibùdókọ̀ ojú irin Tomaura ní orin "Pèpéle Kejì" lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ máa lù ú nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé kó lọ, kí èèyàn lè sáré. Mi ò kọ ọ́ fún eré sísá. Ọkọ̀ tó bá ń wọlé bọ̀ ni kí wọ́n máa lù ú fún. Ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ọkọ̀ wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń wọlé, nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé, inú mi sì máa ń dùn.

Ẹ̀KARÙN-ÚN. Mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Kuwahara Tetsurō. Kò gba orin, kò gba ife, kò gba okùn píánò kan. Sumie máa ní, "Ẹ̀gbọ́n mi mà le o!" Òfin ló sọ pé ẹni tó bá máa jogún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí a wà léwe, orúkọ àwa méjèèjì kò lè wà nínú ìwé kan àfi kí orúkọ ọ̀kan kú. Láàárọ̀ yìí, ó di kálàmù mú, ó bi akọ̀wé pé, "Ṣé orúkọ mi bó ṣe wà ni kí n kọ?" Èmi ni mo dá a lóhùn, mo ní bó ṣe wà gan-an ni.

Mo fọwọ́ sí i, mo sì tẹ òǹtẹ̀ ìdílé mi lé e ní Tomaura, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún kìíní Reiwa (2019).

Nagakubo Fumino

Ẹlẹ́rìí: Kuwahara Tetsurō, atúnpíánò-ṣe, pẹ̀lú òǹtẹ̀ bàbá rẹ̀

Ẹlẹ́rìí: Mizoguchi Yae, aládùúgbò