Àpò Ẹrù Olófòófó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Olófòófó ọmọ ẹ le? Ọkọ ẹ ńkọ́, ṣé ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́ ò tíì dá a padà sílé? Ara àwa le níbí, àfi pé mi ò lè jókòó sójú kan láti ìgbà tó o ti ránṣẹ́ pé Sátidé tó ń bọ̀ lo fẹ́ gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ wa, títí wàá fi parí ìwé ọ̀mọ̀wé ẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kó o parí ẹ̀ láyọ̀, ọpọlọ ẹ ò ní dàrú.

Ìyá ẹ ti palẹ̀ mọ́. Káfíńtà ti kan igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọmọ má baà já bọ́, a sì ti wá ọmọrí fún kànga. Àmọ́ mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fóònù. Nígbà tí ọmọ náà wúkọ́ lọ́jọ́sí lójú fóònù tá a ti ń ríra, ìyá ẹ fi aṣọ òtútù wé fóònù, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó tò sórí ìlà láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tó kàn án, ó ní kí nọ́ọ̀sì tètè yẹ̀ ẹ́ wò kí ikọ́ náà tó kúrò nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí ọmọ kankan níbẹ̀. Ìyá ẹ bínú wálé, ó ní obìnrin yẹn ò mọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ náà ò yé mi, tó tún dá orí kẹta ìwé ẹ padà. Iṣẹ́ télọ̀ tí mo ṣe dàgbà jẹ́ kí n mọ̀ pé bí ọmọṣẹ́ bá mọ aṣọ rán jù, ọ̀gá lè máa wá nǹkan tú nínú ẹ̀ kó má baà tètè lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán ṣòkòtò kan fún ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ, kí ojú ẹ̀ lè rọ̀. Fótò ẹ̀ tó o fi ránṣẹ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Orí nìkan ló hàn níbẹ̀, àmọ́ mo ti fi orí ṣírò ìdí. Ní ti bí omi ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá, tó o ti ń kọ ìwé lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, mo bi ẹni tó gbẹ́ kànga wa. Ó ní ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, bóyá wọ́n á jẹ́ kó o máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń sá fún nìyí. Nígbà tó o wà nílé ìwẹ̀ lánàá, Olófòófó fi fóònù ẹ pè wá. Ó ní gbogbo ìgbà tó o bá to aṣọ òun sínú àpò lòun ń kó o jáde, tóun ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì tó o ti ń kọ̀wé. Ó ní lọ́jọ́ kan o jókòó lé àpò náà, ò ń sunkún, òun wá gbà kó o di bàtà òun ẹsẹ̀ kan sí i, kó o lè dákẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan.

Ọmọ mi, ó dùn mí dé egungun. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rìn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ dé ẹnu ọ̀nà, tí mo tún ń padà. Ìyá ẹ ní tiẹ̀ kàn dìde, ó lọ gbé àpò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nítorí náà, má gbé ọmọ wá. A ò gbà á. Owó ọkọ̀ Sátidé tó o ti tọ́jú, fún awakọ̀ tó dúró níwájú ilé ẹ yẹn, mo ti sọ fún un pé ọ̀mọ̀wé ló máa sanwó. Tó bá ṣẹ́ kù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí mi ò mọ oúnjẹ sè, ẹni tó ń sè é fún mi ò sì sí nílé mọ́. Ọlọ́run á fún ẹ ní àlùbáríkà lórí ìwé náà àti lórí ọmọ náà, ìkan ò ní gba ìkan lọ́wọ́ ẹ.

Má dúró ka èyí tán lẹ́nu ọ̀nà. Gba àpò lórí ìyá ẹ, kó o jẹ́ kó wọlé.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.