Ẹ̀wà Sìkírá

Ọjọ́rú, oṣù Kejì, 2006

Nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, mo máa ń da ẹ̀wà sínú atẹ, mo máa ń ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, kí n tó rẹ ìwọ̀nba tí èmi nìkan lè jẹ sómi. Kò sẹ́ni tó ń bá mi ṣa á ní Kétu yìí.

Nígbà tí mo ṣí ìkòkò lálẹ́ yìí, ẹ̀wà náà ti wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Sìkírá, ọmọ kíláàsì mi, sọ sí mi lọ́kàn.

Láàárọ̀, mo fún àwọn ọmọ Praimári Kìíní ní hóró ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbìn ín sínú òwú tí a rẹ sómi. Sìkírá kò gbin tirẹ̀. Mo bi í pé níbo ló wà. Ó fi ìka di ihò imú kan, ó ní, "Anti, ó ti wọlé lọ sùn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fún un ní òmíràn.

Mo rẹ́rìn-ín! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn pé ẹ̀wà máa ń mu omi, á sì wú. Bóyá ó ti sín in jáde. Bóyá kò tiẹ̀ lè mí dáadáa báyìí...

Mi ò mọ ilé wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Mile 12, àfẹ̀mọ́jú ló sì ń dé ìsọ̀.

Aago mẹ́jọ lọ́la ni ọ̀gá ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wá máàkì bí mo ṣe ń kọ́ni. Ìsọ̀ tòmátì ni n ó kọ́kọ́ lọ. N ó kúnlẹ̀, n ó jẹ́wọ́, a ó sì jọ gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Bí ọ̀gá bá dé, kó má bá mi.